Kí Àgbà Má Di Ẹrù Orí Àga

Ẹ̀yin ọmọ ẹgbẹ́ wa, ọ̀rọ̀ owó la máa ń sọ jù nínú ìwé yìí, owó náà la sì máa fi bẹ̀rẹ̀ lónìí. Ìyá kan wà nínú ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù wa ní Ìmẹ̀rí níhìn-ín tó ta epo pupa fún ohun tó lé ní ọgbọ̀n ọdún. Nígbà tí àwọn ọmọ rẹ̀ rí ṣe, wọ́n ní, "Màmá, ẹ ti ṣiṣẹ́ tó, ẹ jókòó kí ẹ sinmi." Wọ́n ra àga onítìmùtìmù ńlá kan fún un. Ìyá jókòó lóòótọ́. Ọmọ-ọmọ ń bá a lọ sọ́jà, ọ̀kadà ń gbé e lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì tí kò ju ìrìn ìṣẹ́jú mẹ́wàá lọ. Kí ọdún méjì tó pé, kò lè dìde lórí àga yẹn mọ́ àfi bí ẹnì kan bá fà á lọ́wọ́. Lóru ọjọ́ kan tó ń lọ tọ̀, ẹsẹ̀ rẹ̀ yẹ̀, egungun ìbàdí rẹ̀ kán. Owó tó fi ọdún mọ́kànlá kó jọ sọ́wọ́ ẹgbẹ́ wọ inú ìtọ́jú náà tán, kò sì tíì tó. (A gba àṣẹ lẹ́nu rẹ̀ kí a tó kọ èyí. Ó ní kí a sọ ọ́, ṣùgbọ́n kí a má dárúkọ òun.)

Ọ̀pọ̀ nínú wa ló sọ pé ogbó ló fà á. Ogbó lọ́wọ́ sí i, a kò jiyàn. Ṣùgbọ́n lójú tiwa, àga yẹn ló jẹ̀bi jù. Iṣan tó wà ní itan àti ẹsẹ̀ wa dà bí ọ̀nà oko: bí a kò bá rìn ín, igbó á bò ó. Ní 2007, àwọn dókítà kan ní Amẹ́ríkà gbé àbájáde ìwádìí kan jáde. Wọ́n ní kí àwọn àgbàlagbà tí ara wọn le, tí wọ́n tó bí ẹni ọdún 67, dùbúlẹ̀ sórí bẹ́ẹ̀dì fún ọjọ́ mẹ́wàá. Kí ọjọ́ náà tó pé, bíi kílò kan ti lọ nínú ẹran ẹsẹ̀ wọn. Ọjọ́ mẹ́wàá péré o! Ẹ wá ro ti ọdún méjì wò.

Ìròyìn rere tó wà níbẹ̀ ni pé ohun tó lọ lè padà. Ní 1990, ní Boston ní Amẹ́ríkà kan náà, wọ́n mú àwọn arúgbó mẹ́wàá láti ilé ìtọ́jú àgbà, àwọn tí ọjọ́ orí wọn wà láàárín 86 sí 96. Wọ́n ń fi ẹsẹ̀ gbé ohun tó wúwo fún ọ̀sẹ̀ mẹ́jọ. Mẹ́sàn-án ló ṣe é parí, agbára ẹsẹ̀ wọn sì ju ìlọ́po méjì ti tẹ́lẹ̀ lọ. Ẹni àádọ́rùn-ún ọdún mà ni!

Kí ẹnikẹ́ni má sì sọ pé ọ̀ràn òyìnbó nìkan ni. Ọ̀jọ̀gbọ́n Oye Gureje àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Ìbàdàn bẹ̀rẹ̀ ìwádìí kan ní 2003 láàárín àwọn tó ti pé ọdún 65 sókè, ní ìpínlẹ̀ mẹ́jọ tí wọ́n ti ń sọ Yorùbá. Àwọn tí wọ́n bi léèrè lé ní ẹgbẹ̀rún méjì. Nínú ẹni mẹ́rin, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ pé ẹnì kan ti ṣubú láàárín ọdún kan. Ọ̀rọ̀ ìyá wa yìí kì í ṣe òun nìkan.

Ẹ̀yin oníṣòwò, ẹ tún gbọ́ ti bọ́ọ̀sì. Ní 1953, Dókítà Jerry Morris sọ ohun tó rí lára àwọn òṣìṣẹ́ bọ́ọ̀sì alájà méjì ní Lọ́ńdọ̀nù. Dẹ́rẹ́bà jókòó láti àárọ̀ dalẹ́. Kọ̀ńdọ́ ń gun àtẹ̀gùn, ó ń sọ̀ kalẹ̀, ó ń gbowó. Ọkọ̀ kan náà ni wọ́n jọ wà, ṣùgbọ́n àrùn ọkàn ń mú dẹ́rẹ́bà ju kọ̀ńdọ́ lọ.

Báwo ló ṣe yẹ kó pọ̀ tó? Àjọ Ìlera Àgbáyé sọ ní 2020 pé ó kéré tán kí àgbà máa ṣe 150 ìṣẹ́jú lọ́sẹ̀, èyí tó jẹ́ ìdajì wákàtí lọ́jọ́ márùn-ún, kí ẹni tó ti pé 65 sì fi ohun tó ń mú ẹsẹ̀ dúró ṣinṣin kún un lọ́jọ́ mẹ́ta lọ́sẹ̀. Kò béèrè owó. Rírìn lọ sọ́jà wà níbẹ̀, gbígbálẹ̀ wà níbẹ̀, ríro ẹ̀yìnkùlé náà wà níbẹ̀. Ẹ jókòó lórí àga onígi tó le, ẹ dìde láìfọwọ́ tì í, ẹ tún jókòó, lẹ́ẹ̀mẹ́wàá. Ẹ di ògiri mú, ẹ fi ẹsẹ̀ kan dúró díẹ̀.

Ibo wá ni ìgbàgbọ́ ti wọlé? Ta ni kò mọ̀ pé ìrìn dára? Kí orúnkún máa dun èèyàn kó sì tún dìde láàárọ̀, iṣẹ́ ibẹ̀ nìyẹn. Ohun tó ń mú àgbà jáde nílé ni pé ẹnì kan ń retí rẹ̀ níbì kan. Ṣọ́ọ̀ṣì ní èyí lọ́pọ̀lọpọ̀. Ẹ wo Kálẹ́bù nínú ìwé Jóṣúà orí 14. Ẹni ọdún 85 ni, kò béèrè ilẹ̀ pẹ̀tẹ́lẹ̀, ilẹ̀ olókè ló ní kí wọ́n fún òun. Ẹni tó bá ti ru iṣu gun òkè rí mọ ohun tí bàbá yẹn ń béèrè. Ní ìgbà tiwa yìí, obìnrin ajẹ́jẹ̀ẹ́ ìjọ Kátólíìkì kan wà ní Amẹ́ríkà, Sister Madonna Buder, tí wọ́n bí ní 1930. Àlùfáà kan ló gbà á nímọ̀ràn pé kó máa sáré, ó sì ti di ẹni ọdún 48 kó tó bẹ̀rẹ̀. Ní 2012, lẹ́ni ọdún 82, ó lúwẹ̀ẹ́ bíi kìlómítà mẹ́rin, ó gun kẹ̀kẹ́ 180, ó sì sáré 42, lọ́jọ́ kan ṣoṣo. A kò ní kí màmá kankan lọ lúwẹ̀ẹ́ nínú odò Ọ̀sẹ̀ o.

Tiwa kò le tó bẹ́ẹ̀. Bí ṣọ́ọ̀ṣì kò bá jìnnà, ẹ fẹsẹ̀ rìn, kí ẹni mẹ́ta mẹ́rin jọ máa lọ. Bí wọ́n bá ní kí a kúnlẹ̀, kí ẹni tó bá lè kúnlẹ̀ kúnlẹ̀, kó sì fi agbára ara rẹ̀ dìde. Lọ́jọ́ ìdúpẹ́, ẹ jó dé iwájú. (Àwọn ọmọ ẹgbẹ́ wa tó jẹ́ Mùsùlùmí ń rẹ́rìn-ín, wọ́n ní àwọn ti ń tẹ̀ tí àwọn ń dìde nígbà márùn-ún lójúmọ́. Òótọ́ ni wọ́n sọ.)

Ṣùgbọ́n a ní ohun kan tí a kò ní fi bò. Ẹni tó ní àtọ̀gbẹ tàbí ẹ̀jẹ̀ ríru kò gbọdọ̀ gbààwẹ̀ láìbi dókítà. Ẹni tó bá ní kí ẹ da oògùn yín nù nítorí pé ẹ ti gbàdúrà, ẹ má dá a lóhùn, ohun yòówù kí oyè rẹ̀ jẹ́. Bí àyà bá ń dùn yín, tàbí tí èémí kò délẹ̀ nígbà tí ẹ ń rìn, ẹ dúró, ẹ lọ sí ilé ìwòsàn. Bí ẹ bá ń bọ̀ láti ìṣọ́ òru, ẹ mú tọ́ọ̀ṣì dání. Ẹ̀yin ọmọ tó wà lẹ́yìn odi, owó àga yẹn, ẹ fi ra bàtà tó dúró dáadáa lẹ́sẹ̀ fún Màmá, kí ẹ sì jẹ́ kí wọ́n máa jókòó ti igbá epo wọn fún wákàtí méjì lọ́jọ́ ọjà.

Ìyá tí a sọ̀rọ̀ rẹ̀ yẹn ti ń rìn báyìí. Láti bẹ́ẹ̀dì dé ẹnu ọ̀nà ló ti bẹ̀rẹ̀, lẹ́yìn náà dé ìdí igi ọsàn. Àwọn obìnrin ẹgbẹ́ rẹ̀ ní ṣọ́ọ̀ṣì ń wá mú un ní gbogbo ọjọ́ Ìsinmi, wọn kì í sì í gbà kó gun ọ̀kadà. Ní ìpàdé tó kọjá, ọ̀pá lọ́wọ́, ó fi ẹsẹ̀ ara rẹ̀ wọlé, ó san owó oṣù rẹ̀, ó sì ní kí akọ̀wé tètè kọ ọ́ sínú ìwé òun nítorí àwọn tí wọ́n jọ wá ń dúró níta.