Ọmọ Tí Ẹnikẹ́ni Kì Í Bá Jókòó

Ọ̀rọ̀ tí mo gbé wá lónìí jẹ mọ́ àwọn ọmọ wa tí wọ́n wà ní ilé-ẹ̀kọ́ girama. Kì í ṣe ọ̀rọ̀ owó ilé-ẹ̀kọ́, kì í sì í ṣe ti ìdánwò. Ọ̀rọ̀ ẹgbẹ́ ni.

Ní ilé-ẹ̀kọ́ gbogbo ni àwọn ọmọ kan ti jẹ́ gbajúmọ̀. Bí wọ́n bá rẹ́rìn-ín, gbogbo kíláàsì a rẹ́rìn-ín. Ẹni tí wọ́n bá fún ní orúkọ ẹ̀gàn, orúkọ náà ni yóò máa jẹ́ títí yóò fi parí ìwé mẹ́wàá. Àwọn mìíràn sì wà tí ẹnikẹ́ni kì í bá jókòó nígbà ìsinmi. Ó lè jẹ́ nítorí bàtà tí ó gbó, ó lè jẹ́ nítorí pé ìyá ọmọ náà ń ta ẹ̀kọ lẹ́nu ọ̀nà, ó sì lè jẹ́ nítorí híjáàbù.

Ìyá kan tí ó ń ta ànkárá sọ fún mi lẹ́yìn ìrun Jímọ́ọ̀ pé ọmọ òun a máa ṣí híjáàbù bí ó bá ti yà sí kọ̀rọ̀ àdúgbò, a sì tún wé e bí ó bá ń bọ̀ nílé. Inú bí i, nítorí ọmọ náà tún ń béèrè owó láti fi ṣe ọjọ́ ìbí fún àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀. Mo ní, "Alhaja, ẹ dákun, ẹ kọ́kọ́ bi í léèrè ẹni tí ó ń bá jẹun ní ilé-ẹ̀kọ́." Ó bi í. Ọmọ náà ní òun nìkan ni. Ọ̀rẹ́ ni ó fẹ́ fi owó náà rà.

Ọ̀rọ̀ yìí kò ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀. Láyé ìjọba òyìnbó, ọ̀pọ̀ ilé-ẹ̀kọ́ girama wà lọ́wọ́ àwọn ìjọ Kírísítẹ́nì, ọmọ Mùsùlùmí kò sì pọ̀ níbẹ̀. Ní 1954, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ Mùsùlùmí ní Èkó dá ẹgbẹ́ Muslim Students' Society sílẹ̀. Lateef Adegbite, tí ó jẹ́ ọmọ ilé-ẹ̀kọ́ King's College, ni ààrẹ wọn àkọ́kọ́. Òun náà ni ó di amòfin ńlá lẹ́yìn náà. Wọn kò dúró de ìgbà tí gbajúmọ̀ kan yóò pè wọ́n. Wọ́n pe ara wọn.

Nígbà tí ìjọba Ìpínlẹ̀ Èkó kò fẹ́ híjáàbù lórí aṣọ ilé-ẹ̀kọ́, ẹgbẹ́ yìí kan náà wà lára àwọn tí ó pẹjọ́. Wọ́n pàdánù ní 2014, wọ́n borí ní Ilé-ẹjọ́ Kò-tẹ́-mi-lọ́rùn ní 2016, Ilé-ẹjọ́ Gíga Jùlọ sì fi ọwọ́ sí i ní ọjọ́ 17 oṣù kẹfà ọdún 2022. A dúpẹ́. Ṣùgbọ́n kò sí adájọ́ tí ó lè pàṣẹ kí ọmọ kan bá ọmọ kejì pín àkàrà. Iṣẹ́ tiwa nìyẹn.

Kí a má sì dá àwọn ẹlòmíràn nìkan lẹ́bi. Ní iléekéwú tiwa náà, lọ́jọ́ wòlímátù, ọmọ olówó ni à ń pè síwájú. Ọmọ aláàárù a wà lẹ́yìn. Ẹ rántí Súúrà Abasa. Abdullah ọmọ Umm Maktum, ẹni tí ojú rẹ̀ fọ́, wá bá Ànábì wa nígbà tí ó ń bá àwọn sàràkí Kuraisi sọ̀rọ̀. Nítorí ọkùnrin yìí ni Ọlọ́hun ṣe sọ Súúrà náà kalẹ̀, ó sì di ládàánì ní Mẹ̀dínà. Súúrà kọkàndínláàádọ́ta sì kọ̀ fún wa láti máa fi ara wa ṣẹ̀sín, tàbí láti máa pe ara wa ní orúkọ burúkú.

Ẹ̀yin ọlọ́jà, ẹ má fọ́ owó òwò yín láti fi ra fóònù tí ọmọ yóò fi wá ọ̀rẹ́. Ọ̀rẹ́ tí a fi owó rà, bí owó bá tán, yóò lọ. Ẹ béèrè ní mọ́ṣáláṣí, ta tún ni ọmọ rẹ̀ ń lọ sí ilé-ẹ̀kọ́ yẹn? Ẹ jẹ́ kí àwọn méjèèjì jọ máa rìn lọ, kí wọ́n jọ máa rìn bọ̀. Bí ọmọ tiyín bá sì jẹ́ gbajúmọ̀, ẹ sọ fún un kí ó pe ẹni tí ó dá jókòó. Ẹ̀yin àáfáà wa, ẹ mú ọ̀rọ̀ yìí dé ibi àsàlátù.

Àwọn baba wa ní ènìyàn ni aṣọ. Ọmọ tí ó bá ní ẹyọ ọ̀rẹ́ kan péré kò wà ní ìhòòhò mọ́. Kí Ọlọ́hun má ṣe sọ ọmọ wa di ẹni ìtanù láàárín ẹgbẹ́, kí Ó má sì jẹ́ kí ọmọ wa ta ẹlòmíràn nù. Àmín.