Wíwo Ènìyàn Yà

Ọ̀rọ̀ tí a fẹ́ yẹ̀ wò lónìí ni wíwo ènìyàn yà. Kí ni ìtumọ̀ rẹ̀? Ẹnì kan yóò dúró tàbí jókòó láàárín iyàrá, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ yóò yí i ká, wọn yóò sì máa ya ohun tí ojú wọn rí. Nígbà mìíràn ẹni náà a wọ aṣọ. Nígbà mìíràn a wà ní ìhòòhò, kí wọ́n lè rí bí egungun àti iṣan ṣe so mọ́ra. Ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ ènìyàn ti ń fajú ro. Wọn a ní, "Ṣé a kò lè ya ènìyàn láti inú orí wa ni?"

A lè yà á, ṣùgbọ́n ohun tí a rò pé a mọ̀ a máa tàn wá jẹ. Ẹ ní kí ọmọdé ya ènìyàn: yóò fi ojú sí òkè orí. Bẹ́ẹ̀ ni agbedeméjì orí ni ojú àgbàlagbà wà. Gíga àgbàlagbà sì tó ìlọ́po méje orí rẹ̀, ó tún lé díẹ̀. Bí àwọn agbẹ́gilére wa bá ń fún orí ní nǹkan bí ìdá kan nínú mẹ́rin ère, wọn kò ṣì í. Iyì orí ni wọ́n fi ń hàn.

Báwo ni wọ́n ṣe ń ṣe é? Lákọ̀ọ́kọ́, ẹni tí wọ́n ń yà yóò máa yí ìdúró padà ní ìṣẹ́jú kan tàbí méjì. Èédú ni akẹ́kọ̀ọ́ fi ń sáré mú bí ara ṣe tẹ̀. Lẹ́yìn náà ni ìdúró ogún ìṣẹ́jú yóò dé. Akẹ́kọ̀ọ́ a na apá gbọọrọ, a di ojú kan, a fi pẹ́ńsù wọn orí, a sì ka iye rẹ̀ dé àtẹ́lẹsẹ̀. A wo ẹsẹ̀ tí ó gbé ara: ìbàdí ẹ̀gbẹ́ náà a gbéra sókè, èjìká rẹ̀ a sì rọ̀ wálẹ̀. A tún wo àlàfo tó wà láàárín apá àti ìbàdí. Bí àlàfo náà bá gún, apá náà yóò gún.

Nígbà tí wọ́n dá Royal Academy sílẹ̀ ní Lọ́ńdọ̀nù ní ọdún 1768, obìnrin méjì, Angelica Kauffman àti Mary Moser, wà lára àwọn olùdásílẹ̀. Síbẹ̀, nígbà tí Johann Zoffany ya àwọn ọmọ ẹgbẹ́ náà níbi tí wọ́n ti yí ọkùnrin oníhòòhò ká, àwòrán ara ògiri ni ó fi àwọn obìnrin náà ṣe, nítorí pé kò bójú mu kí wọ́n wà níbẹ̀. Ọdún 1893 ni ilé-ẹ̀kọ́ náà tó gba àwọn akẹ́kọ̀ọ́bìnrin láàyè láti wo ènìyàn yà, pẹ̀lú aṣọ ní ìbàdí onítọ̀hún. Ẹ̀kọ́ tí a fi du ojú, a fi du ọwọ́ pẹ̀lú.

Ẹ má sì fojú kéré ẹni tí ó dúró. Ẹsẹ̀ a máa kú tipiri, ẹ̀yìn a sì máa ro ó. Ó yẹ kí ó gba owó rẹ̀, kí ó máa sinmi, kí ó ní ibi ìkọ̀kọ̀ tí yóò ti bọ́ aṣọ; kí ẹnikẹ́ni má fọwọ́ kàn án, kí wọ́n má sì ya fọ́tò rẹ̀ láìgbàṣẹ.

Ẹ̀yin òbí, bí ọmọ yín bá sọ fún yín pé òun ń kọ́ ẹ̀kọ́ yìí, kí ẹ tó bínú, ẹ kọ́kọ́ bi í léèrè irú ọ̀wọ̀ tí wọ́n ń fún ẹni tí wọ́n ń yà. Ìdáhùn rẹ̀ ni yóò sọ irú ilé-ẹ̀kọ́ tí ó jẹ́.