Ọ̀nà Kan Ò Wọ Ọjà: Olórin Adádúró Níwájú Ìbò Aráàlú

Bóyá ni a fi rí ẹni tó ní fóònù lóde òní tí irú àtẹ̀jíṣẹ́ yìí kò tíì bá rí: "Ẹ jọ̀wọ́, ẹ bá mi dìbò. Ó ku ọjọ́ mẹ́ta péré kí ìdìbò parí. Ẹ tẹ líǹkì ìsàlẹ̀ yìí, kí ẹ sì fi ránṣẹ́ sí ẹni mẹ́wàá." Ẹni tó fi ránṣẹ́ lè jẹ́ àbúrò ọ̀rẹ́ yín, ó sì lè jẹ́ ẹni tí ẹ jọ kọrin nínú ìjọ tàbí tí ẹ jọ lọ sí ilé-kéú nígbà èwe. Ọ̀pọ̀ nínú wa a máa tẹ líǹkì náà, a sì máa gbàgbé orúkọ ìdíje ọ̀hún kí ilẹ̀ tó ṣú. Ṣùgbọ́n fún ẹni tó ń tọrọ ìbò, ọ̀rọ̀ náà kì í ṣe eré. Owó, orúkọ àti ọ̀pọ̀ ọdún làálàá ló gbé lé e.

Olórin adádúró ni olórin tí kò sí ilé-iṣẹ́ orin kankan lẹ́yìn rẹ̀. Òun fúnra rẹ̀ ló ń san owó sítúdíò, òun ló ń wá ẹni tí yóò ya fídíò, òun náà ló sì ń gbé orin rẹ̀ kiri láti ilé-iṣẹ́ rédíò kan dé òmíràn. Kò yani lẹ́nu pé ìdíje a máa fa irú ẹni bẹ́ẹ̀ mọ́ra, nítorí pé ó lè mú orúkọ rẹ̀ dé etí àìmọye ènìyàn láàárín ọ̀sẹ̀ díẹ̀. Ìbéèrè tó yẹ kí òun àti àwa tí a ń dìbò fún un jọ bi ara wa ni èyí: kí ni ìbò lè ṣe fún olórin, kí sì ni kò lè ṣe?

Ìfigagbága nínú orin kì í ṣe àjèjì sí Yorùbá. Kí tẹlifíṣàn tó wọ agboolé gbogbo, àwọn ọ̀dọ́ tó ń kọrin wéré nínú oṣù Ràmádáánì láti jí àwọn Mùsùlùmí fún sààrì a máa bá ara wọn figagbága ní Èkó àti Ìbàdàn. Nínú orin wéré yìí ni Síkírù Àyìndé Barrister ti bẹ̀rẹ̀ ní kékeré, kó tó sọ ọ́ di fújì tí gbogbo ayé mọ̀. Kò sí líǹkì nígbà náà, kò sì sí àtẹ̀jíṣẹ́. Ẹsẹ̀ ni aráàlú fi ń dìbò: olórin tí èrò bá tẹ̀ lé ni orúkọ rẹ̀ ń kọjá àdúgbò rẹ̀.

Nígbà tó yá, fóònù gba iṣẹ́ lọ́wọ́ ẹsẹ̀. Idols West Africa wáyé ní ọdún 2007, Project Fame West Africa bẹ̀rẹ̀ ní ọdún 2008, Nigerian Idol àti The Voice Nigeria náà sì tẹ̀ lé wọn. Síbẹ̀, ìbò aráàlú kì í sábà dá iṣẹ́ náà ṣe. Ní Project Fame, àwọn adájọ́ ló ń yan àwọn olùdíje tó wà nínú ewu pé kí wọ́n lọ sílé. Aráàlú a fi ìbò gba ẹnì kan là nínú wọn, àwọn olùkọ́ a gba òmíràn là, àwọn olùdíje ẹlẹgbẹ́ wọn náà a sì yan ẹni tí wọ́n fẹ́ kó dúró. Olórin tó bá rò pé ìpolongo ìbò nìkan ni ìdíje ti gbàgbé pé ojú àwọn tó mọ orin ń wo òun pẹ̀lú.

Ẹ jẹ́ kí a wo ohun tó ṣẹlẹ̀ lẹ́yìn tí ìbò parí. Ní ọdún 2007, Timi Dakolo ló gbégbá orókè ní Idols West Africa, Omawumi sì ṣe ipò kejì. Ẹni tó ṣe ipò kejì yìí kò jókòó sunkún. Ní ọdún 2009, ó gbé àwo orin rẹ̀ àkọ́kọ́, Wonder Woman, jáde. Lónìí, àwọn méjèèjì ni a kà mọ́ àwọn ohùn tó dára jù lọ ní Nàìjíríà, kò sì sí ẹni tó ń bi Omawumi léèrè iye ìbò tó ní.

Ti ọdún 2013 tún hàn kedere jù bẹ́ẹ̀ lọ. Olawale ló borí ní Project Fame lọ́dún náà. Niniọlá, ọmọ Èkìtì, ṣe ipò kẹta, Johnny Drille náà wà níbẹ̀, kò sì gba ẹ̀bùn àkọ́kọ́. Nígbà tó di ọdún 2014, Niniọlá gbé orin "Ìbàdí" jáde pẹ̀lú Sarz tó lu orin náà. Ó di èdè Yorùbá mú ṣinṣin lórí ìlù ijó òde òní, ó sì dá ilé-iṣẹ́ orin tirẹ̀ sílẹ̀. Orin rẹ̀ "Maradona" jáde ní ọdún 2017, nígbà tó sì di ọdún 2019, Beyoncé mú nínú orin náà lò nínú àwo orin tó ṣe fún fíìmù The Lion King. Ní ti Johnny Drille, ó ń gbé orin tirẹ̀ sórí íntánẹ́ẹ̀tì fúnra rẹ̀. Ọ̀kan nínú wọn, tó jẹ́ àtúnkọ orin Di'Ja, dé etí Don Jazzy ní ọdún 2015, Mavin sì gbà á wọlé ní ọdún 2017. Àwọn Yorùbá ní ọ̀nà kan ò wọ ọjà. Bí ìbò bá dí ọ̀nà kan, iṣẹ́ a máa la òmíràn.

Èyí kò sọ pé bíborí kò níye lórí. Yemi Alade gba Peak Talent Show ní ọdún 2009. Ìborí náà fún un ní ìgboyà àti orúkọ, ṣùgbọ́n ọdún 2013 ni "Johnny" tó jáde, orin tó gbé e káàkiri ilẹ̀ Áfíríkà. Ọdún mẹ́rin gbáko ló wà láàárín ẹ̀bùn àti òkìkí. Olórin tí kò bá ní ètò fún irú ọdún mẹ́rin bẹ́ẹ̀ lè gba ẹ̀bùn tán kó sì wà níbi tó wà.

Ohun kan tún wà tí adádúró gbọ́dọ̀ mọ̀. Níbi ayẹyẹ Headies tó wáyé ní Èkó ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 2016, Reekado Banks ló gba ẹ̀bùn olórin tí ìràwọ̀ rẹ̀ ń yọ bọ̀, ẹ̀bùn tí aráàlú ń dìbò fún, tí ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ sì máa ń bá rìn. Olamide bínú lórí ìtàgé pé Lil Kesh, ọmọ ilé-iṣẹ́ òun, ló tọ́ sí. Don Jazzy náà dìde gbèjà ọmọ tirẹ̀, ọ̀rọ̀ náà sì gba ìgboro kan kí wọ́n tó parí rẹ̀. Ẹ kíyè sí i pé àwọn olùdíje méjèèjì ló ní ọ̀gá tó lè sọ̀rọ̀ kí ìlú gbọ́. Adádúró kò ní Olamide, kò sì ní Don Jazzy. Bí wọ́n bá rẹ́ ẹ jẹ, òun nìkan ni yóò gbèjà ara rẹ̀. Nítorí náà, kó tó wọ ìdíje ló yẹ kó la ojú rẹ̀.

Àkọ́kọ́ ni kó ka ìwé òfin ìdíje láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Ta ló ń yan ẹni tó borí, ṣé aráàlú ni àbí adájọ́, àbí wọ́n jọ pín in? Ta ló ni orin tí wọ́n bá gbà sílẹ̀ níbẹ̀? Ǹjẹ́ ẹni tó borí gbọ́dọ̀ bá olùṣètò ṣiṣẹ́ fún iye ọdún kan? Bí kò bá sí ìwé òfin rárá, ìdáhùn ti wà nílẹ̀: kó má wọ̀ ọ́.

Èkejì ni ọ̀rọ̀ owó. Ìdìbò ọ̀fẹ́ wà, èyí tí a ń sanwó fún náà sì wà. Ká ní ìbò kan jẹ́ ₦50: ẹgbẹ̀rún ìbò di ₦50,000, ẹgbẹ̀rún mẹ́wàá sì di ₦500,000. Bí ẹ̀bùn àkọ́kọ́ bá jẹ́ ₦300,000, tí olùdíje sì nílò ẹgbẹ̀rún mẹ́wàá ìbò kó tó borí, owó ẹbí àti ọ̀rẹ́ rẹ̀ ni wọ́n fi san ẹ̀bùn náà fún un, tí ₦200,000 tún ṣẹ́kù sọ́wọ́ olùṣètò. Ìdíje tó bá gba ẹnikẹ́ni láyè láti ra iye ìbò tó wù ú, àpò ló ń wọ̀n, kì í ṣe ohùn. Kò yẹ kí ìyá ta aṣọ, tàbí kí ẹ̀gbọ́n ná owó àjọ tó fẹ́ fi san owó ilé, nítorí irú rẹ̀.

Ẹ̀kẹta ni ọ̀rọ̀ àwọn oníròyìn. Akọ̀ròyìn kì í wá ẹni tó fẹ́ ìbò, ìròyìn ló ń wá. "Mo wà nínú ìdíje" kì í ṣe ìròyìn, nítorí ọ̀pọ̀ ènìyàn ló ń sọ bẹ́ẹ̀ lójoojúmọ́. Ohun tó ń jẹ́ ìròyìn ni ìtàn tó wà nínú orin náà: ìlú tó ti wá, ìdí tí ọ̀dọ́ kan fi ń lu dùndún mọ́ gìtá, ohun tó fà á tó fi yan ẹ̀ka èdè ìlú ìyá rẹ̀ láti fi kọrin. Ilé-iṣẹ́ rédíò tó ń sọ Yorùbá kò wọ́n, bíi Amúlùdùn FM 99.1 ní Ìbàdàn, àti Bond FM 92.9 pẹ̀lú Fájì FM 106.5 ní Èkó. Kí olórin tẹ́tí sí ètò wọn dáadáa kó tó kọ̀wé sí sọ̀rọ̀sọ̀rọ̀ kan, kó sì dárúkọ ètò tó fẹ́. Kó fi ìtàn ara rẹ̀ ní ṣókí, àwòrán kan tó mọ́lẹ̀, orin kan ṣoṣo tó dán mọ́rán àti nọ́ńbà fóònù ránṣẹ́ pọ̀. Kó sì ṣe èyí kí ìdìbò tó bẹ̀rẹ̀, kì í ṣe ní ọjọ́ tó kù ọ̀la.

Ẹ̀kẹrin, tó sì jẹ́ pàtàkì jù lọ, ni pé kí ó má ṣe jẹ́ kí olùdìbò wá kó sì lọ. Àgbájọ ọwọ́ la fi ń sọ̀yà, ṣùgbọ́n ọwọ́ tó tú ká ní ọjọ́ kejì ìdíje kò lè sọ̀yà mọ́. Ní ojú ewé kan náà tó ti ń tọrọ ìbò, kí ó fi orin kan sí i tí wọ́n lè gbọ́ lójú ẹsẹ̀, kí ó sì bẹ̀ wọ́n pé kí wọ́n máa tẹ̀ lé òun níbẹ̀. Kí ó kọ orúkọ àwọn tó dìbò sílẹ̀, kí ó dúpẹ́ lọ́wọ́ wọn yálà ó borí àbí kò borí. Bí ó bá tilẹ̀ ṣe ipò ogún, tí ọ̀ọ́dúnrún ènìyàn sì ń retí orin rẹ̀ tó kàn, ó ti gba ẹ̀bùn tí olùṣètò kankan kò lè gbà lọ́wọ́ rẹ̀.

Àwa tí a ń dìbò náà ní ojúṣe. Ilé ni a ti ń kó ẹ̀ṣọ́ ròde. Nígbà tí àtẹ̀jíṣẹ́ náà bá tún dé, ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ gbọ́ orin náà kí a tó tẹ líǹkì. Bí ó bá dùn mọ́ wa, kí a sọ ibi tó dùn fún olórin náà. Bí kò bá dára tó, kí a pè é ní kọ̀rọ̀, kí a sì bá a sọ òtítọ́. Bí owó bá wà lọ́wọ́ wa, a lè ra orin rẹ̀, a sì lè pè é kó wá kọrin níbi ìsọmọlórúkọ tàbí ìgbéyàwó, kí a sanwó fún un bí a ṣe ń sanwó fún alásè. Ìbò ìṣẹ́jú kan lè mú inú rẹ̀ dùn fún ọ̀sẹ̀ kan, ṣùgbọ́n ẹni tó bá sanwó iṣẹ́ rẹ̀ ló ń jẹ́ kó lè padà sí sítúdíò.