Fíìmù BBC lórí àwọn agbébọn Zamfara: ibo ló ti fẹsẹ̀ múlẹ̀, ibo ló kù sí?

Ọ̀pọ̀ nínú àwa ọmọ Yorùbá tó ń gbé Òkè Ọya ló ti wo "The Bandit Warlords of Zamfara" lórí fóònù. Oṣù Keje ọdún 2022 ni BBC Africa Eye gbé e jáde. Àwọn kan ní òótọ́ pọ́ńbélé ni. Àwọn mìíràn ní ṣe ni wọ́n ń polówó àwọn apààyàn.

Ọ̀rọ̀ yìí kò jìnnà sí àwa tá a wà ní Kàdúná. Lọ́jọ́ 28 oṣù Kẹta ọdún 2022 kan náà ni àwọn agbébọn kọlu ọkọ̀ ojú irin tó ń bọ̀ láti Àbújá, tí wọ́n pa èèyàn, tí wọ́n sì kó àwọn mìíràn wọ igbó. Ọjọ́ 5 oṣù Kẹwàá ni àwọn tó gbẹ̀yìn tó jáde. Nítorí náà, ó yẹ ká mọ bí a ṣe ń gbé irú fíìmù bẹ́ẹ̀ sórí òṣùwọ̀n.

Kí ni fíìmù náà ń sọ?

Ó ní àgbẹ̀ Hausa àti darandaran Fúlàní ti jọ ń gbé tẹ́lẹ̀. Nígbà tó yá, ojú ọ̀nà màlúù di oko, ilẹ̀ ìjẹko dín kù, olè màlúù pọ̀. Àwọn fijilanté tí wọ́n ń pè ní Yan Sakai ń pa Fúlàní láì gbé wọn lọ sílé ẹjọ́. Àwọn Fúlàní kan náà gbé ìbọn, wọ́n ń pa ará abúlé. Ìjínigbé wá di iṣẹ́ tó ń mówó wọlé.

Ibi tó ti fẹsẹ̀ múlẹ̀

Yorùbá bọ̀, wọ́n ní agbẹ́jọ́ ẹnìkan dá, àgbà òṣìkà ni. Yusuf Anka, akọ̀ròyìn tó ṣe iṣẹ́ náà, gbọ́ tọ̀tún tòsì. Ó bá agbébọn sọ̀rọ̀ nínú igbó, ó sì bá àwọn tí wọ́n ṣe lọ́ṣẹ́ sọ̀rọ̀, títí kan àwọn ọmọbìnrin tí wọ́n jí gbé ní iléèwé Jangebe lọ́dún 2021.

Lórí Jangebe yìí, agbébọn kan sọ pé àwọn gba mílíọ̀nù 60 náírà, àwọn sì fi ra ìbọn sí i. Ìjọba Zamfara ní àwọn ò san kọ́bọ̀. Ẹ jẹ́ ká ṣọ́ra níbí: ajínigbé lè máa fọ́nnu, ọ̀rọ̀ ẹnu rẹ̀ nìkan kò tó ẹ̀rí.

Ibi tó kù sí

Ìbéèrè kan wà tí fíìmù náà kò dáhùn tán. Àìmọye Fúlàní ló pàdánù màlúù àti ilẹ̀ ìjẹko tí wọn ò gbé ìbọn rárá. Bí ìyà bá jẹ wọ́n pọ̀, kí ló dé tó fi jẹ́ pé àwọn kan ló di apààyàn? Ìyà nìkan kò tó láti fi ṣàlàyé rẹ̀.

Ìbọn fúnra rẹ̀ wà nínú ìdáhùn. AK-47 kì í hù nínú igbó. Lẹ́yìn tí ìjọba Gaddafi wó ní Líbíà lọ́dún 2011, ohun ìjà tàn kálẹ̀ ní Sàhẹ́lì. Fíìmù náà fi ìbọn hàn wá dáadáa, àmọ́ kò tọ ipasẹ̀ rẹ̀ dé ọ̀dọ̀ ẹni tó ń tà á bó ṣe tọ ipasẹ̀ ìbínú.

Ìtanràn kì í ṣe èsì

Ní oṣù Kẹjọ ọdún 2022, àjọ NBC bu owó ìtanràn mílíọ̀nù márùn-ún náírà lé Trust TV nítorí fíìmù tiwọn lórí agbébọn. Wọ́n bu iye kan náà lé Multichoice àti àwọn mìíràn tó gbé ti BBC sáfẹ́fẹ́. Ìbẹ̀rù pé agbébọn lè fi irú fíìmù bẹ́ẹ̀ ṣe fáàrí kì í ṣe ìbẹ̀rù asán. Àmọ́ bí ọ̀rọ̀ ẹnìkan bá kù síbì kan, ẹ̀rí la fi ń já a, kì í ṣe owó ìtanràn.

Ní tiwa, fíìmù náà yí wa lérò padà lórí bí ìjà ṣe bẹ̀rẹ̀. Kò tíì tẹ́ wa lọ́rùn lórí ohun tí kò jẹ́ kó parí. Torí náà, bí wọ́n bá fi ìṣẹ́jú méjì péré nínú rẹ̀ ránṣẹ́ sí yín lórí WhatsApp, ẹ wo odindi rẹ̀ kẹ́ ẹ tó fi ránṣẹ́ síwájú. Ẹ má sì tìtorí rẹ̀ fojú agbébọn wo ìyá tó ń gbé fùrá wá tà ládùúgbò. Àwọn agbébọn yìí ń lé irú tiẹ̀ náà kúrò nílé.