Ìlú Orí Òkè Tí Ìyá Mi Ní Kí N Lọ Wò

Ní ìrọ̀lẹ́ kan ní Àgége, mo ń fi àwòrán Oia han ìyá mi lórí fóònù: àwọn ilé funfun báláú létí ọ̀gbun ní erékùṣù Santorini, ní ilẹ̀ Gíríìsì. Màmá wò ó títí. Ó ní, “Ó dára. Ṣùgbọ́n orí òkè ni wọ́n ti bí ìyá ìyá tèmi náà.”

Òkè Ìdànrè ni wọ́n ń sọ. Ọ̀pọ̀ ọdún ni Màmá fi dúró nídìí ẹ̀rọ ní ilé-iṣẹ́ kan ní Ìkẹjà, orúnkún wọn kò sì le mọ́. Mo rí i pé bí a kò bá tètè lọ, a lè má lọ mọ́. Ní àárọ̀ Sátidé kan, a wọ ọkọ̀ lọ sí Àkúrẹ́, a sì ti ibẹ̀ dé Ìdànrè.

Àtẹ̀gùn òkè náà lé ní 600. Ní ibi ìsinmi kejì, Màmá jókòó. “Ẹsẹ̀ mi kọ̀. Máa lọ, wo gbogbo rẹ̀ dáadáa, kí o wá rò ó fún mi.”

Mo lọ. Ààfin àtijọ́ ti Ọwá ṣì wà lókè, àti ilé ẹjọ́, àti ẹsẹ̀ Agbóògùn lára àpáta. Nítorí ogun ni àwọn baba ńlá wa ṣe fi orí òkè ṣe ibi ààbò, bí àwọn ará Oia ṣe mọ odi nítorí ajalèlókun. Nígbà tí àlàáfíà dé, láti àwọn ọdún 1920, àwọn ará Ìdànrè bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀kalẹ̀. Ilẹ̀ ríri wó Oia ní 1956, wọ́n tún un kọ́. Ìdànrè ti wà nínú àwọn ibi tí Nàìjíríà dábàá fún Ogún Àgbáyé UNESCO láti 2007. Ó ṣì ń retí.

Mo sọ̀kalẹ̀, mo sì ro gbogbo rẹ̀. Màmá di ojú. “Ṣé ògiri ṣì dúró?” Mo ní, “Ó dúró, Màmá.” Wọ́n rẹ́rìn-ín músẹ́.

Ẹ̀yin ọ̀rẹ́, bí àgbà ilé yín bá ní irú ìlú bẹ́ẹ̀, ẹ wọ bàtà tó di ilẹ̀ mú, ẹ gbé omi dání, kí ẹ sì mú wọn lọ kí orúnkún tó kọ̀.