Nígbà tí nǹkan ọmọkùnrin bá le tí kò rọ̀ mọ́: àìsàn tó ń bá wákàtí sáré

Nǹkan ọmọkùnrin máa ń le lójú oorun, ó sì máa ń ju ẹ̀ẹ̀kan lọ lóru, yálà onítọ̀hún lálàá tàbí kò lálàá. Bí ara tó pé ṣe ń ṣiṣẹ́ nìyẹn. Ọmọ ìkókó pàápàá kò yọ sílẹ̀. Ṣùgbọ́n bí ilẹ̀ bá mọ́ tí kò rọ̀, tí ó ń dunni, tí ó sì di wákàtí mẹ́rin, kì í ṣe ọ̀rọ̀ agbára ọkùnrin mọ́. Àìsàn pàjáwìrì tí àwọn dókítà ń pè ní priapism ló dé.

Àìsàn yìí kò wọ́pọ̀ láàárín gbogbo ènìyàn. Láàárín àwọn ọkùnrin tó ní àrùn fòníkú-fọ̀ladìde, àwọn tí jẹ́nótáìpù wọn jẹ́ SS, ó wọ́pọ̀ dáadáa, èyí ló sì mú kí ọ̀rọ̀ náà kàn wá gbọ̀ngbọ̀n. Nàìjíríà ni wọ́n ti ń bí ọmọ tó ní àrùn náà jù lọ lágbàáyé, àwọn tí wọ́n kó lẹ́rú láti ilẹ̀ Áfíríkà sì ti gbé e dé Brazil, Cuba àti Amẹ́ríkà. Ní Amẹ́ríkà nìkan, nǹkan bí 100,000 ènìyàn ló ní i lónìí.

Ihò mẹ́ta ló wà nínú okó. Méjì tó tóbi, tó wà ní ẹ̀gbẹ́ ara wọn, ló ń fa ẹ̀jẹ̀ mu bíi fóòmù nígbà tí ó bá ń le. Ẹ̀kẹta ni ọ̀nà ìtọ̀ gba inú rẹ̀ kọjá, òun ló sì fẹ̀ di orí okó. Bí ẹ̀jẹ̀ ṣe ń wọ àwọn méjì tó tóbi ni àwọn iṣan tó yẹ kó gbé e jáde ń fún pọ̀. Lára ẹni tó jẹ́ SS, bí atẹ́gùn ọ́síjìn bá ti dínkù nínú ẹ̀jẹ̀ tó há síbẹ̀, àwọn sẹ́ẹ̀lì pupa á tẹ̀ bíi dòjé, wọ́n á le, wọ́n á sì dí ojú ọ̀nà àbájáde pa. Ẹ̀jẹ̀ tó há ń lo ọ́síjìn tó kù tán, ó ń kan síbẹ̀, ẹran ara sì bẹ̀rẹ̀ sí í kú. Bí ó bá fi lè kọjá wákàtí 36, ọ̀pọ̀ wọn ni nǹkan ọmọkùnrin wọn kò ní í dìde mọ́ fúnra rẹ̀.

Ohun àkọ́kọ́ tí dókítà ọ̀nà ìtọ̀ fẹ́ mọ̀ ni irú èyí tó jẹ́, nítorí oríṣi kan wà tí kò ní kánjúkánjú nínú. Ọmọdé lè já bọ́ lórí irin kẹ̀kẹ́, kí iṣan ẹ̀jẹ̀ kan já lábẹ́ rẹ̀, kí ẹ̀jẹ̀ tuntun máa tú sínú okó ṣáá. Ìyẹn kì í fi bẹ́ẹ̀ dunni, kì í sì í le tán, ó sì lè lọ fúnra rẹ̀. Tàwọn SS yàtọ̀: ó le gan-an, ó ń ro wọ́n, síbẹ̀ orí rẹ̀ rọ̀. Láti fìdí rẹ̀ múlẹ̀, dókítà á fi abẹ́rẹ́ fa ẹ̀jẹ̀ díẹ̀ níbẹ̀. Bí ó bá pupa yòò, iṣan ló já. Bí ó bá dúdú kirikiri, tí àyẹ̀wò sì fi hàn pé ọ́síjìn inú rẹ̀ kò tó 30 mmHg, kò sí àyè àti jókòó.

Abẹ́rẹ́ yẹn kan náà ni ìtọ́jú gbà bẹ̀rẹ̀. Wọ́n á pa ojú ibẹ̀ kú, wọ́n á fa ẹ̀jẹ̀ tó há jáde, wọ́n á fi omi iyọ̀ fọ ibẹ̀, wọ́n á sì máa fún un ní oògùn phenylephrine díẹ̀díẹ̀, kí àwọn iṣan tó ń gbé ẹ̀jẹ̀ wọlé lè fún pọ̀. Oògùn náà lè mú kí ẹ̀jẹ̀ ru, nítorí náà ẹnìkan gbọ́dọ̀ máa wo ìfúnpá. Bí èyí kò bá ràn án, ó di iṣẹ́ abẹ.

Ọgbọ́n iṣẹ́ abẹ náà ló wù mí jù nínú gbogbo ọ̀rọ̀ yìí. Ihò kẹta tó rọ̀ ni wọ́n ń lò láti tú méjì tó le sílẹ̀. Oníṣẹ́ abẹ kan tó ń jẹ́ Ebbehøj fi ọ̀bẹ tín-ín-rín gún orí okó wọnú àwọn ihò ńlá ní 1974, kí ẹ̀jẹ̀ lè rí ibi gbà sá. Winter lo abẹ́rẹ́ ńlá ní 1976. Al-Ghorab la orí okó díẹ̀, ó sì gé ṣóńṣó ihò méjèèjì. Tom Lue àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní San Francisco tún un ṣe ní 2009: wọ́n á yí ọ̀bẹ po kí ojú ibẹ̀ lè dà bíi lẹ́tà T, wọ́n á sì ti irin tẹ́ẹ́rẹ́ gba ibẹ̀ wọlé kí ẹ̀jẹ̀ tó ti dì lè jáde. Fún ẹni tó pẹ́ jù kó tó dé, àwọn oníṣẹ́ abẹ kan kì í fi falẹ̀ rárá, wọ́n á fi ọ̀pá àtọwọ́dá sínú rẹ̀ kí àpá tó le.

Ilé ni wákàtí ti ń ṣòfò jù. Ọmọ ọdún 16 wo ló fẹ́ sọ èyí fún ìyá rẹ̀? Àwọn kan á ní mágùn ni, àwọn mìíràn á ní ó ti lọ mu paraga. Ẹ̀gbọ́n á gbé yìnyín wá, òtútù sì rèé, òun gan-an ló ń mú kí sẹ́ẹ̀lì ẹlẹ́jẹ̀ SS tẹ̀. Omi mímu, kí ó lọ tọ̀, kí ó fi omi lílọ́wọ́ọ́rọ́ wẹ̀, kí ó rìn díẹ̀, kí ó lo oògùn ìrora: ìwọ̀nyí ló lè ràn án lọ́wọ́, kí wọ́n sì ti máa múra ilé ìwòsàn bí kò bá yí padà. Lójú tèmi, ẹ̀bi náà kan àwọn nọ́ọ̀sì àti dókítà tó ń bi àwọn ọmọ yìí nípa eegun ríro lóṣooṣù, tí wọn kì í bi wọ́n nípa èyí. Ó sì máa ń fi ara hàn tẹ́lẹ̀: á le fún wákàtí kan tàbí méjì, á rọ̀, á tún padà lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀.

Àwọn tó ń padà lemọ́lemọ́ bẹ́ẹ̀ ni Arthur Burnett, dókítà ní Johns Hopkins ní Baltimore, bẹ̀rẹ̀ sí í fún ní oògùn kan tó ya ọ̀pọ̀ lẹ́nu: sildenafil, ìyẹn Viagra. Ẹ́ńsáìmù tí ara ń pèsè láti mú kí okó rọ̀, tí wọ́n ń pè ní PDE5, ti lọ sílẹ̀ jù lára àwọn SS. Èrò rẹ̀ ni pé bí wọ́n bá ń lo oògùn náà díẹ̀díẹ̀ lójoojúmọ́, ara á tún bẹ̀rẹ̀ sí í pèsè PDE5 tó. Ìgbà tí okó bá rọ̀ ni wọ́n ń lò ó, lábẹ́ àmójútó dókítà, kì í ṣe nígbà tí ó bá ti le, kò sì gbọ́dọ̀ jẹ́ nítorí ìbálòpọ̀.