Ìjàkadì Ọ̀fà àti Ère Èsìẹ́: Ta Ni Yóò Pa Ogún Ìbílẹ̀ Mọ́?

Bí a bá dárúkọ Ọ̀fà láàrin àwọn Yorùbá, ohun méjì ni ó máa ń kọ́kọ́ sọ sí ni lọ́kàn: ọfà àti ìjàkadì. Ìtàn ìlú náà sọ pé Ọlálọmí Ọlọ́fàgangan, ọmọ ọba láti Ọ̀yọ́ tí ó mọ ọfà ta, ni ó tẹ̀ ẹ́ dó. Ní ti ìjàkadì, oríkì ìran Ọlọ́fà kà á sí orò ìlú. Kì í ṣe eré lásán. Àṣà tí a fi ń dá ọmọ Ọ̀fà mọ̀ níbikíbi tí ó bá wà ni.

Ìjàkadì ní òfin tirẹ̀. Àwọn méjì yóò dojú kọ ara wọn, wọn yóò sì gbá ara wọn mú. Kò sí ẹ̀ṣẹ́, kò sí ohun ìjà. Ẹni tí ẹ̀yìn rẹ̀ bá kanlẹ̀ ni a dá. Agbára nìkan kò tó: mímọ ìgbà tí ó yẹ láti fà àti ìgbà tí ó yẹ láti tì ni ó ń mú kí ẹni kékeré dá òmìrán. Inú ara ènìyàn ni irú ìmọ̀ yìí ń gbé. Bí àgbà tí ó mọ̀ ọ́n bá kú láìkọ́ ẹnikẹ́ni, ó bá a wọ sàréè nìyẹn. Báwo, nígbà náà, ni a ṣe lè pa á mọ́?

Èsìẹ́, tí òun náà wà ní Ìpínlẹ̀ Kwara, lè kọ́ Ọ̀fà lọ́gbọ́n. Níbẹ̀ ni a ti rí ère òkúta tí ó lé ní ẹgbẹ̀rún kan: ọkùnrin àti obìnrin, àwọn kan jókòó, àwọn kan di irun aláràbarà, àwọn kan mú ohun ìjà lọ́wọ́. Ní 1933 ni Ramshaw, tí ó ń bẹ àwọn ilé ìwé ìjọ C.M.S. wò, jẹ́ kí ìjọba gbọ́ nípa wọn. Ní 1945 ni a dá ilé ìkó-ohun-ìṣẹ̀ǹbáyé-sí sílẹ̀ níbẹ̀, èkíní irú rẹ̀ ní Nàìjíríà. Ní 1978, Phillips Stevens tẹ ìwé kan jáde lórí àwọn ère náà. Ṣùgbọ́n kí àlejò kankan tó dé ni àwọn ará Èsìẹ́ ti mọ̀ wọ́n, tí wọ́n sì ń bọ wọ́n. Ìtàn wọn sọ pé àlejò tí ó di òkúta ni wọ́n. Orí ọ̀pọ̀ nínú wọn ti kán. Síbẹ̀ èyí tí ó kù ṣì wà ní ìlú tí a ti bá wọn.

A lè kó òkúta sínú ilé, kí a sì ti ilẹ̀kùn. A kò lè ṣe bẹ́ẹ̀ sí ìjàkadì. Àwọn ará Amẹ́ríkà mọ èyí. Iṣẹ́ àwọn darandaran wọn, ẹṣin gígùn àti fífi okùn mú màlúù, di ìdíje tí wọ́n ń pè ní rodeo. Ní 1979 wọ́n ṣí ilé ìrántí kan fún un ní Colorado Springs. Gàárì àti okùn lè wà níbẹ̀ fún ìran wíwò, ṣùgbọ́n ìdíje fúnra rẹ̀ ni kò jẹ́ kí wọ́n di ohun àtijọ́.

Ní 2003, UNESCO fọwọ́ sí àdéhùn lórí ogún tí a kò lè fọwọ́ kàn. Gẹ̀lẹ̀dẹ́ àti Ifá wọ ìwé orúkọ rẹ̀ ní 2008. Ní 2010, ìjàkadì Kırkpınar ti ilẹ̀ Tọ́kì, níbi tí àwọn oníjàkadì ti ń fi òróró para, wọ̀ ọ́ pẹ̀lú. Ìjàkadì, nítorí náà, kò kéré sí ohun tí ayé lè bu ọlá fún.

Ṣùgbọ́n ìwé orúkọ kò lè kọ́ ọmọdé ní ìjàkadì. Ará ìlú ni yóò ṣe é. Ó yẹ kí a gba ohùn àwọn àgbà sílẹ̀, kí a ya àwòrán bí wọ́n ti ń gbé ẹsẹ̀, kí a sì kọ orúkọ ọgbọ́n kọ̀ọ̀kan. Ó yẹ kí àwọn ilé ìwé fún un ní àyè láàrin eré ìdárayá. Bí a bá sì kọ́ ilé fún un, kí pápá oníyanrìn wà níwájú rẹ̀, kí ọmọ tí ó bá wò tán lè bọ́ síta, kí ó sì gbìyànjú. Odò tí ó bá gbàgbé orísun rẹ̀, gbígbẹ ni yóò gbẹ.